Ṣé lóòótọ́ ni ọkọ̀ tó dojú dé máa ń fa èèyàn wọ ìsàlẹ̀ omi?

Ìgbàkígbà tí ìròyìn bá dé Àbújá pé ọkọ̀ ojú omi dànù lápá Lọ́kọ́ja tàbí ní ìpínlẹ̀ Niger, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Nyanya àti Lugbe: "Ẹni tó bá mọ̀wẹ̀ kó tètè jìnnà sí ọkọ̀ náà o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fà á wọlẹ̀." Àwọn tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí gan-an ló ń fi ìdánilójú sọ ọ́ jù.

Irọ́ ni, irọ́ tó sì lè pa èèyàn ni. Pákó ni wọ́n fi kan ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kó èrò lórí Odò Ọya, pákó sì fúyẹ́ ju omi lọ. Bí omi bá kún inú rẹ̀ dẹ́nu, ẹrù á dànù, ẹ́ńjìnnì lè tẹ ìdí rẹ̀ wálẹ̀, àmọ́ igi náà á ṣì léfòó. Kò lágbára àtifa ẹnikẹ́ni. Ìṣàn odò ló ń fa èèyàn, òun náà ló sì ń gbé ẹni tó ń wẹ̀ lọ sí bèbè kọjá ibi tó fojú sùn.

Òmùwẹ̀ ní í kú sómi. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ á di pákó mú, torí kò ríbi lọ. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ ló máa fẹ́ dán agbára rẹ̀ wò, pẹ̀lú aṣọ tó ti mumi yó lọ́rùn. Bó bá wá jẹ́ òru ńkọ́? Òru ni ọkọ̀ àwọn tó ń bọ̀ láti ìgbéyàwó ní Egboti dànù lágbègbè Pàtígì, ní Kwara, lóṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹni tó kú lé ní 100. Nínú irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ mọ ibi tí bèbè wà? Orí èèyàn kan lójú omi kò ju àgbọn tó ń léfòó lọ. Ọkọ̀ tó dojú dé ni àwọn tó ń bọ̀ wá gbani máa kọ́kọ́ rí, torí náà ẹ dì í mú, ẹ má kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sórí odò tiwa. Lóṣù kẹjọ ọdún 1979, ìjì líle ká àwọn tó ń fi ọkọ̀ kéékèèké díje nínú eré Fastnet mọ́ orí òkun nítòsí Ireland. Ọkọ̀ 303 ló gbéra. Àwọn tó wà nínú 24 fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀, àmọ́ 19 nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n pa tì náà ni wọ́n padà rí, tí wọn kò rì. Àwọn adíje 15 bá ìjì náà lọ.

Ọkọ̀ tóóró tó dorí kodò, ẹ má jẹ́ kí gbogbo èrò gun ẹ̀gbẹ́ kan, á tún yí ni. Kí àwọn kan wà lọ́tùn-ún, àwọn kan lósì, kí wọ́n sì na ọwọ́ kọjá lórí ìdí ọkọ̀ láti di ara wọn mú, torí ó máa ń yọ̀.

Ti iná yàtọ̀ o: bí ọkọ̀ bá ń jó, ẹ kúrò níbẹ̀. Bí omi bá sì ń gbé e lọ sẹ́nu dáàmù, irú ti Kainji tàbí Jẹ́bà, ẹ fi í sílẹ̀ nígbà tí agbára ṣì wà. Níbi tí kùkùté bá sì pọ̀ sí nínú odò, apá ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ ni kí ẹ wà lára ọkọ̀, torí bó bá lọ gbá igi, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló máa há sáàárín.