Koríko tó bu ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì

Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn àgbẹ̀ ní Kánádà àti ní àríwá Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù màlúù lọ́nà tó rú wọn lójú. Bí wọ́n bá tẹ akọ lọ́dàá tàbí tí wọ́n gé ìwo ẹran, ẹ̀jẹ̀ kì í dá títí ẹran yóò fi kú. Frank Schofield, oníṣègùn ẹran ní Ontario, tọpasẹ̀ ọ̀ràn náà dé inú koríko tí wọ́n ń pè ní sweet clover. Ó ṣa èyí tó dára àti èyí tó ti bu láti inú òkìtì kan náà, ó fi wọ́n bọ́ ehoro lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tó jẹ èyí tó bu nìkan ló sì kú.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì ọdún 1933, tí yìnyín ń já bọ́ kíkankíkan, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ed Carlson wa ọkọ̀ ní nǹkan bíi 300 kìlómítà lọ sí Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ó kó òkú ẹgbọrọ abo màlúù kan dání, pẹ̀lú koríko tó bu, àti garawa wàrà tí ẹ̀jẹ̀ tí kò dì wà nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń wá ti tì, ọ̀dọ̀ Karl Link, onímọ̀ kẹ́míkà ní yunifásítì, ló wá bọ́ sí. Ohun tí Link rí sọ fún un kò ju pé kó yé fi koríko náà bọ́ ẹran lọ. Carlson padà sílé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ inú garawa náà ló gba Link àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà gbáko kí Harold Campbell tó yọ èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní 1939. Wọ́n pè é ní dicoumarol. Ohun tó ń mú kí koríko yẹn ta sánsán ni ó ń di dicoumarol nígbà tó bá bu, èyí sì máa ń dí fítámínì K lọ́wọ́ nínú ẹ̀dọ̀, níbi tí ara ti ń pèsè ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Ohun tó pa màlúù yìí gan-an ni àwọn dókítà ọkàn ń wá, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan tó ń bọ́ ọkàn wà lára ohun tó ń pa àwọn aláìsàn wọn. Irving Wright ló ṣáájú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 16 ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí wọ́n gbà wọlé ní ọjọ́ kìíní, ìkẹta tàbí ìkarùn-ún oṣù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n fún ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó wọlé ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹrin kò gbà á. Nínú àwọn 1,031 tí wọ́n kà, ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba oògùn ló kú, nígbà tó jẹ́ pé ó lé ní 23 láàárín àwọn tó kù. Èmi kò gba ètò náà wọlé tán: dókítà tó mọ ọjọ́ lè yan ọjọ́ tí yóò gba èèyàn wọlé, kò sì jọ pé èèṣì lásán ló mú kí àwọn tó gba oògùn jẹ́ 589 kí àwọn yòókù sì jẹ́ 442.

Link fúnra rẹ̀ ti bọ́ sórí ọ̀ràn eku nígbà náà. Àìsàn ló dá a dúró sí ilé ìtọ́jú ní 1945, ibẹ̀ ló ti ń kàwé nípa oògùn eku, tó sì ronú pé ọ̀kan nínú àwọn ìbátan dicoumarol lè ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n mú un jáde ní 1948, wọ́n sì fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àjọ tó náwó sí ìwádìí náà, WARF, ṣe orúkọ rẹ̀: warfarin. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi oògùn eku tọ́jú èèyàn, àfi ìgbà tí ọmọ ogun kan tó gbé e jẹ ní 1951 láti fi pa ara rẹ̀ yè é, lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní fítámínì K tí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ní 1954, ìjọba fọwọ́ sí i fún lílò lára èèyàn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìkọlù ọkàn mú Ààrẹ Dwight Eisenhower, warfarin sì wà lára oògùn tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀.