Púlọ́ọ̀gì Rótárì: Tòkè Kì í Ṣe Tìsàlẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Mazda RX-7 àti RX-8 tọ́kùnbọ̀, àwọn mọ́tò tó ń lo ẹ́ńjìnnì rótárì, mo bẹ̀ yín, ẹ yé kó púlọ́ọ̀gì sínú náílọ́ọ̀nù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù l'Ádó. Ẹ ti da tòkè pọ̀ mọ́ tìsàlẹ̀. Ẹlòmíì á tún ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, á ti fi sáńpépà ha á kó lè dán. Kí lẹ wá fẹ́ kí n rí kà lára rẹ̀?

Mẹ́rin ni wọ́n, méjì fún rótọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn irin onígun mẹ́ta tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì dípò pístìn. RX-7 ọdún 1993 sí 1995, BUR7EQ ti ilé-iṣẹ́ NGK ló ń gbà nísàlẹ̀, BUR9EQ lókè. Ti RX-8, RE7A-L nísàlẹ̀, RE9B-T lókè. Lọ́dọ̀ NGK, bí nọ́ńbà àárín orúkọ rẹ̀ bá ṣe ga tó ni púlọ́ọ̀gì ṣe ń tètè lé ooru kúrò lára tó, ooru sì ni ọ̀tá ibẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì onípístìn, afẹ́fẹ́ tútù tó ń wọlé máa ń fẹ́ sí púlọ́ọ̀gì lára. Ti rótárì kò rí bẹ́ẹ̀: ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé yàtọ̀ sí ibi tí epo ti ń jó, ibi iná yẹn ni púlọ́ọ̀gì wà ṣáá. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi 7 sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin torí pé òun ló wà lọ́jà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má kà á lẹ́yìn tí mọ́tò dúró lójú kan tó ń kùn. Ẹ fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ pa á, kó tutù kẹ́ ẹ tó tú u, kẹ́ ẹ sì kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde sílẹ̀. Àwọ̀ eérú tàbí ilẹ̀ pupa, ó dára. Dúdú gbígbẹ: epo ti pọ̀ jù. Tó bá tutù tó ń rùn epo, kò tan iná, tàbí ẹ ti tan mọ́tò, ẹ sì pa á kó tó gbóná. Ọ́ìlì díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Mazda mọ̀ọ́mọ̀ ń fọ́n ọ́ìlì sínú rẹ̀ nítorí síìlì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí igun rótọ̀. Ẹni tó bá tìtorí ẹ̀ ní kẹ́ ẹ tú ẹ́ńjìnnì, owó yín ló ń wá. Àmọ́ funfun tó ní ẹ̀rún irin wínníwínní lára, ẹ má tan mọ́tò yẹn mọ́.

Ẹnìkan gbé RX-8 wá láti Ìkéré. Wọ́n ní ayé ló di ọkọ̀ náà. Ó ti gba ààwẹ̀ lórí ẹ̀, ó ti ta òróró àdúrà sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo tú púlọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ níwájú: ti mọ́tò onípístìn ni, ẹnu rẹ̀ gùn jù. Ṣóńṣó rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibi tí síìlì orí rótọ̀ ti ha á ń dán yinrin. Síìlì náà ti kán, ègé rẹ̀ sì ti kọ ilà yípo ara ilé rótọ̀. Kò sí ayé kankan níbẹ̀. Mẹkáníìkì ló ti ohun tí kò yẹ bọ ihò, tó wá sá lọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ayé.

Kẹ́ ẹ tó dè é, ẹ gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bá mọ́tò wá, kẹ́ ẹ wo gígùn wọn láti ibi òrùka dé ẹnu. Tí tuntun bá fi díẹ̀ péré gùn jù ú lọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.