Títọ ipasẹ̀ HIV láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́: kí ni àbùdá kòkòrò lè sọ?

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń da nóòtì kọ lóru, tí oorun ń kùn ún, ó wá kọ 1914 síbi tó yẹ kó kọ 1941. Ẹni tó bá da tirẹ̀ kọ á gbé àṣìṣe yẹn lọ, á tún fi tara ẹ̀ kún un. Olùkọ́ tó bá bá 1914 yẹn nínú ìwé méjì ti mọ̀ pé orírun kan náà ni wọ́n ti wá.

Bí HIV ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Àbùdá rẹ̀, ìyẹn ìtọ́ni inú rẹ̀ tó ń sọ bó ṣe máa rí, dà bí ìwé tó ní nǹkan bíi lẹ́tà 9,700. Tó bá ti wọnú sẹ́ẹ̀lì, á máa da ara rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n ènsáìmù tó fi ń dà á kọ kì í yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Àṣìṣe ń gorí àṣìṣe, títí kòkòrò tó wà lára Táyé á fi yàtọ̀ sí ti ara Ṣadé. Bí kòkòrò ara èèyàn méjì bá wá jọra tímọ́tímọ́ (ìyàtọ̀ tí kò ju 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ń lò), a jẹ́ pé wọn ò jìnnà síra nínú okùn àkóràn náà. Àyẹ̀wò tí dókítà fi ń mọ oògùn tó máa ran aláìsàn ni wọ́n sábà ti ń rí lẹ́tà wọ̀nyí. Kọ̀ǹpútà á wá tò wọ́n bí igi: àwọn tó jọra á bọ́ sórí ẹ̀ka kan náà.

Bí kòkòrò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kóra jọ sórí ẹ̀ka kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àárín ara wọn ló ti ń jà. Kí àyẹ̀wò àti oògùn ìdènà PrEP tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bó bá fọ́n ká sáàárín ti àwọn ará ìlú, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni ká máa ṣọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́ yẹn ò lè tìtorí 1914 sọ ẹni tó wo ìwé ẹnì kejì. Ó lè jẹ́ pé ìwé ẹnì kẹta tí wọn ò tíì rí ni àwọn méjèèjì dà kọ. Torí náà, kò yẹ kí orúkọ ọmọ kankan jáde. Láwọn orílẹ̀-èdè kan, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń fi ẹni tí wọ́n bá ní ó kó HIV ran ẹlòmíì sí.

Ní Benghazi, ní Líbyà, wọ́n dájọ́ ikú fún nọ́ọ̀sì márùn-ún ará Bùlgáríà àti dókítà ọmọ Palẹstínì kan, wọ́n ní àwọn ni wọ́n kó o ran àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Ní 2006, àbùdá kòkòrò ara àwọn ọmọ náà fi hàn pé ó ti ń jà nílé ìwòsàn yẹn kí àwọn àjèjì yìí tó débẹ̀ ní oṣù Kẹta 1998. Ọdún 2007 ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀.