Ẹ Má Fi Símẹ́ǹtì Rẹ́ Ilé Alámọ̀ Àwọn Bàbá Yín

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ilé àtijọ́ kan ní Ṣágámù. Lójú, kò sí ohun tó ṣe é: símẹ́ǹtì tuntun, ọ̀dà tuntun. Mo fi òòlù kan ẹsẹ̀ ògiri, ó dún bí igbá òfìfo. Mo ṣí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kúrò, mo fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ inú rẹ̀, ló bá wọlé dé oríkèé. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ọdún mẹ́rin péré ni símẹ́ǹtì náà lò lára ògiri tó ti ń bẹ láti ayé bàbá-bàbá wọn.

Omi ni. Omi ilẹ̀ máa ń gba ẹsẹ̀ ògiri amọ̀ gòkè, pàápàá pẹ̀lú òjò Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tiwa yìí. Bí a bá fi ògiri sílẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ ọ́n, omi náà á tara rẹ̀ jáde, atẹ́gùn á gbé e lọ. Ẹ rántí àmù àwọn ìyá wa: bó ṣe ń làágùn ni omi inú rẹ̀ ṣe ń tutù. Ẹni tó bá fi símẹ́ǹtì rẹ́ àmù yíká ti dí òógùn rẹ̀. Ohun tí à ń ṣe fún ògiri nìyẹn.

Ó ń dùn mí gan-an, torí pé lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn tí àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892, tí ọ̀nà sì ṣí, àwọn ọlọ́rọ̀ wa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó gba ọnà lọ́wọ́ àwọn Àgùdà Èkó, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé. Ẹ wo Ọlọ́runṣògo, ilé Balógun Kúkù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wó, òdòdó tí wọ́n fọwọ́ mọ sára òpó bá a lọ nìyẹn.

Òrùlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Kẹ́ ẹ wá gbẹ́ ilẹ̀ tó ti kún bo ẹsẹ̀ ògiri kúrò, kí omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má dúró níbẹ̀. Amọ̀ ni a sì fi ń tún amọ̀ ṣe. Ilẹ̀ pupa tó jọ ti ògiri náà ni mo máa ń wá, n ó da yanrìn mọ́ ọn kó má baà sán, n ó gé koríko gbígbẹ sí i, kó jẹ omi dáadáa. A ó wọ́n omi sára ògiri, a ó rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́; ti àkọ́kọ́ á gbẹ kí èkejì tó gùn ún.

Ní Ṣágámù yẹn, oṣù mẹ́ta la fi ògiri sílẹ̀ níhòòhò kó gbẹ. Ẹ̀gbọ́n tó ni ilé ń pè mí lemọ́lemọ́ pé kí ló dé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe sùúrù, wọ́n sì ṣe é.