Ẹ̀tù Díẹ̀, Ọta Tó Pọ̀: Bí Ọdẹ Tòlótòló Ṣe Ń Wá Ìwọ̀n Tó Bá Ìbọn Àkìlẹ́nu Mu

Orí àti ọrùn ni ọdẹ tòlótòló ń fojú sùn. Ara ẹyẹ yìí kò ṣeé yìnbọn sí: akọ tó ti gbó lè wọn kìlógíráàmù méje sí mọ́kànlá, ìyẹ́ rẹ̀ ki, ẹran àyà rẹ̀ sì nípọn. Ọta wẹ́wẹ́ tó bá bà á níbẹ̀ á kàn ṣe é léṣe ni. Ẹyẹ á fò lọ, á lọ kú sínú igbó níbi tí ọdẹ kò ti ní rí i mọ́. Ohun tó ń pa á lójú ẹsẹ̀ ni kí ọta mélòó kan wọ ọpọlọ rẹ̀, tàbí kí wọ́n fọ́ eegun ọrùn rẹ̀. Torí ibi kékeré yẹn ni gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe lórí ẹ̀tù àti ọta kí àsìkò ọdẹ tó wọlé.

Ní Amẹ́ríkà, ìgbà ìrúwé ni wọ́n máa ń ṣọdẹ akọ tòlótòló jù, bí òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ṣe là á kalẹ̀. Ọdẹ á wọ aṣọ aláwọ̀ igbó láti orí dé ẹsẹ̀, á fẹ̀yìn ti igi, á máa ké bí abo, títí akọ á fi rìn wá bá a. Ìbọn ìgbàlódé ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé lọ, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìbọn àkìlẹ́nu ni wọ́n yàn láàyò: ìbọn tí à ń da ẹ̀tù sí láti ẹnu, tí a ó ki èdídí lé e lórí, tí a ó da ọta sí i, tí a ó wá fi ìdérí tẹ́ẹ́rẹ́ dè é. Inú ọ̀pá rẹ̀ dán, kò ní ìlà yíyí bíi ti ràífù. Ẹni tó bá ti rí ṣakabùlà lọ́wọ́ ọdẹ Yorùbá ti mọ irú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìháhá ń ṣe nínú ìbọn àwọn ọdẹ wa ni páálí àti fẹ́ẹ̀tì (irun ẹran tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ di aṣọ kíki) ń ṣe lọ́hùn-ún. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ irú ìbọn yìí ní Amẹ́ríkà, National Muzzle Loading Rifle Association, ti wà láti ọdún 1933, ìlú Friendship ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n sì ti máa ń pàdé láti díje. Tòlótòló tí à ń sìn nílé pàápàá, ẹ̀yà kan náà ni pẹ̀lú ti igbó Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn.

Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹnu ìbọn. Ìbọn tòlótòló ìgbàlódé, ẹnu rẹ̀ fún ju ọ̀pá rẹ̀ lọ, fífún yẹn ló sì ń kó ọta jọ bó ṣe ń jáde. Ọ̀pọ̀ ìbọn àkìlẹ́nu kò ní in: bí ìdí ọ̀pá ṣe fẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ìṣirò tí àwọn oníbọn ti ń lò tipẹ́ ni pé, ní yáàdì 40, ìbọn tí ẹnu rẹ̀ fún dáadáa á kó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọta rẹ̀ sínú òbìrí tó fẹ̀ ní íǹṣì 30. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kò fún kò ní kó ju nǹkan bí ìdá 40 lọ. Ká wá ṣírò rẹ̀ síwájú. Bí ọta òjé nọ́ńbà 5 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí ni ọta ń kéré sí) bá wà nínú ìbọn ní ìwọ̀n áúnsì 1¼, tí áúnsì kan sì ní nǹkan bí ọta 170, ọta bíi 212 ló jáde lẹ́nu ìbọn. Ìdá 40 nínú rẹ̀ jẹ́ 85. Òbìrí oní-íǹṣì 30 gba íǹṣì onígun mẹ́rin bíi 707, èyí tó túmọ̀ sí pé ọta kan ṣoṣo ló ń bọ́ sí gbogbo íǹṣì onígun mẹ́rin mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ọpọlọ àti eegun ọrùn tòlótòló kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yìn ín ní yáàdì 40 ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú ẹ̀mí ẹyẹ náà, kò sì yẹ kí ọdẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá dín ọ̀nà náà kù sí ìdajì, ìbú ibi tí ọta fọ́n sí á dín sí nǹkan bí ìdajì, àyè tó gbà á sì dín sí ìdá mẹ́rin. Ọta á wá ki ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé yáàdì 15 sí 25 ni iṣẹ́ ìbọn yìí wà, tí kì í sì í ṣe nínú kí a máa wá bí ìbọn ṣe máa lágbára sí i.

Ibi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á yìnbọn sí bébà láti wo bí ọta ṣe ń fọ́n; bí bébà kò bá dára tó, wọ́n á fi ẹ̀tù kún ẹ̀tù, bébà á wá burú sí i. Ẹ̀tù tó pọ̀ jù ń mú kí èéfín gbígbóná ṣì ní agbára púpọ̀ lẹ́yìn èdídí nígbà tí ọta bá dé ẹnu ìbọn. Agbára yẹn á ti èdídí wọ àárín ọta látẹ̀yìn, á tú wọn ká, ihò á sì ṣí sílẹ̀ láàárín bébà níbi tó yẹ kí ọta ti ki jù lọ. Lọ́wọ́ kejì, ìtì líle yẹn ń tẹ àwọn ọta òjé tó wà nísàlẹ̀ mọ́ra wọn, ọta tó bá sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ kì í fò tààrà. Kí ẹ̀tù dín, kí ọta pọ̀ díẹ̀: ìyẹn ló ń mú ọta wà pọ̀, àwọn tó ti pẹ́ nídìí ìbọn yìí sì mọ̀ ọ́n dájú.

Ìwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ rọrùn. Òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù tí wọ́n tún fi ń wọn ọta, kí méjèèjì lè gba àyè kan náà. Gíréènì ni wọ́n ń fi ka ẹ̀tù, ṣùgbọ́n àyè ni òṣùwọ̀n náà ń wọ̀n, kì í ṣe ìwúwo. Fún ìbọn géèjì 12 (géèjì ni wọ́n fi ń sọ bí ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó), gíréènì 70 sí 80 ẹ̀tù dúdú oní-F méjì (iye F ló ń sọ bí ẹ̀tù ṣe kúnná tó) pẹ̀lú ọta áúnsì 1 sí 1⅛ jẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀ tó wọ́pọ̀. Fún géèjì 20, gíréènì 60 sí 70 pẹ̀lú nǹkan bí áúnsì ⅞ sí 1. Láti ibẹ̀, ẹ̀tù á dúró sójú kan, ọta á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí ìwé ẹni tó ṣe ìbọn náà sọ pé ó pin sí. Ohun tó bá wà nínú ìwé yẹn ló borí ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ, títí kan àwọn iye tó wà níbí. Ẹ̀tù dúdú, tàbí àfirọ́pò rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ìbọn àkìlẹ́nu, nìkan ló gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ̀tù aláìléèéfín ti inú kátíríìjì ìgbàlódé á fọ́ ọ̀pá ìbọn, á sì lè pa ẹni tó gbé e dání.

Èdídí ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí, ohun tí ọ̀pọ̀ sì fojú kéré ni. Lórí ẹ̀tù, páálí líle tó nípọn ní nǹkan bí ìdá mẹ́jọ íǹṣì ló ń dí èéfín mọ́lẹ̀ kó má baà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Lórí páálí yẹn ni àwọn kan ń fi tìmùtìmù fẹ́ẹ̀tì tó nípọn ní ìdajì íǹṣì sí, tí wọ́n ti fi ọ̀rá ẹran àti ìda oyin pa. Tìmùtìmù ń gba ìtì náà lára ọta, ọ̀rá rẹ̀ sì ń mú kí ẹ̀gbin inú ọ̀pá rọ̀. Àmọ́ ó wúwo, ó sì máa ń lé ọta lẹ́yìn. Nínú àwọn ìbọn kan, òun gan-an ló ń tú ọta ká. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń gé e sí méjì, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí wọ́n fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mélòó kan rọ́pò rẹ̀. Lórí ọta, páálí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ ló yẹ, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó má jẹ́ kí ọta yí dànù nígbà tí ẹnu ìbọn bá kọjú sílẹ̀. Ife oníke tí wọ́n ń fi gba ọta nínú kátíríìjì náà lè mú ọta wà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ mọ́ inú ọ̀pá, ó sì gba kí a fọ ìbọn dáadáa. Alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọṣẹ́ sì lè gbẹ́ inú ọ̀pá fẹ̀ díẹ̀ ní ibì kan lẹ́yìn ẹnu, kí ẹnu wá dà bíi pé ó fún. Èyí ń jẹ́ kí ọta ki sí i láìdí ọ̀nà tí èdídí ń gbà wọlé.

Bí ọta fúnra rẹ̀ ṣe rí náà ń sọ púpọ̀. Òjé rírọ̀ ń tẹ́ kíákíá. Òjé tí wọ́n po áńtímónì mọ́, tàbí tí wọ́n fi bàbà bò lára, ń dúró dáadáa. Nọ́ńbà 4 ní nǹkan bí ọta 135 nínú áúnsì kan, nọ́ńbà 6 ní nǹkan bí 225. Èyí tó tóbi ń wọlé jìn, èyí tó kéré ń ki lórí bébà. Ní yáàdì 20, nọ́ńbà 5 tàbí 6 ló sábà ń bá ìbọn aláìfúnẹnu mu jù, nítorí ohun tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò ní gan-an ni kíki ọta. Kí ẹnikẹ́ni tó rà á, kó ka òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀: ìpínlẹ̀ ló ń sọ nọ́ńbà tó gbà, àwọn ilẹ̀ ìjọba kan kò sì gba òjé rárá. Ọta irin le ju kí a kàn dà á sínú ọ̀pá ìbọn àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Bísímọ́ọ̀tì, mẹ́táàlì mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe ọta, rọ̀ jù ú lọ, ó sì sún mọ́ òjé ní ìwúwo.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bébà nìkan ló lè dáhùn. Bébà fífẹ̀ ni, tó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́tùn-ún lósì, tí a ya orí àti ọrùn tòlótòló sí àárín rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe tóbi gan-an, tí ọpọlọ àti eegun ọrùn sì hàn nínú àwòrán. A ó gbé ìbọn lé àpò yanrìn, kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Yíyìn àkọ́kọ́ kì í ṣe láti ka ọta, ṣe ló wà láti mọ ibi tí ìbọn ń kó wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ìbọn yìí kò ní ju ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo lọ níwájú tí a fi ń fojú sùn, àwọn mìíràn sì máa ń yìn sókè tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Ọta tó ki dáadáa, tó sì gba ẹ̀gbẹ́ orí lọ, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan yẹ kó gba bébà mẹ́ta, ó kéré tán, nítorí pé ìbọn kan náà, ìwọ̀n kan náà, lè so èso tó yàtọ̀ síra gan-an lórí bébà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. A ó ka iye ọta tó wọ inú òbìrí oní-íǹṣì 10 tó yí orí ká, a ó sì ka iye tó ba ọpọlọ àti eegun ọrùn. Bébà tó burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ká fi ṣèdájọ́, torí pé kò sí ẹni tó mọ èyí tí ìbọn máa yìn láàárọ̀ ọjọ́ ọdẹ. Bí bébà yẹn bá ní ọta márùn-ún tàbí mẹ́fà níbi tó ń pa ẹyẹ, tí kò sì sí ihò ńlá tí orí tòlótòló lè kó sí láàárín ọta, ìwọ̀n náà tó gbà fún yáàdì yẹn. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ká yí padà kí a tó tún yìn: ẹ̀tù, tàbí ọta, tàbí èdídí. Ẹni tó bá yí méjì pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. A ó kọ gbogbo rẹ̀ sára bébà náà, títí kan ọ̀nà tó jìn tó, ká sì tọ́jú bébà.

Ẹ̀gbin ẹ̀tù dúdú ń pọ̀ sí i pẹ̀lú yíyìn kọ̀ọ̀kan, ó sì ń yí bí ọta ṣe ń fọ́n padà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pá tó mọ́ ni ọdẹ máa gbé wọ igbó. Nítorí náà, aṣọ tútù díẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀pá lẹ́yìn yíyìn kọ̀ọ̀kan, kí aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e. Aṣọ tútù náà tún ń pa iná kékeré tó bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀, tó lè gbiná mọ́ ẹ̀tù tuntun. Torí iná yẹn ni a kì í fi da ẹ̀tù tààrà láti inú ìwo sínú ọ̀pá: òṣùwọ̀n ló gbọ́dọ̀ wà láàárín, kí ìwo sì wà ní dídé. Ojú kò gbọdọ̀ wà lókè ẹnu ìbọn nígbà tí à ń kì í. Ọ̀pá ìkibọn yẹ kó ní àmì méjì lára, ọ̀kan fún ìgbà tí inú ìbọn ṣófo, ọ̀kan fún ìgbà tí ìwọ̀n ti jókòó tán. Bí àmì kejì kò bá bọ́ sí ojú rẹ̀, èdídí kò tíì kan ẹ̀tù tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a ki ìbọn, ọ̀pá sì lè bẹ́. Lára ìbọn tó ní ọ̀pá méjì, a kọ́kọ́ ń yọ kápù (ìdérí kékeré tí òòlù ìbọn ń lù kí iná lè ràn mọ́ ẹ̀tù) ti ọ̀pá tó kù kí a tó ki èyí tó ti dún, ká sì fi ọ̀pá ìkibọn yẹ èyí tí kò tíì dún wò, nítorí ìtì ìbọn lè sún ọta rẹ̀ síwájú. Bí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, ẹnu rẹ̀ á ṣì máa kọjú sí ibi tí kò léwu fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán.

Nínú igbó, iye yáàdì tí bébà sọ ni òfin ọdẹ náà. Kó tó jókòó, á fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ìdí igi, á sì yan òkúta tàbí kùkùté kan tó máa ṣe ààlà. Akọ tó bá dúró lẹ́yìn ààlà yẹn, tó na ìrù, tó ń ké, kò tíì wọ ọwọ́; sùúrù ló kàn, kì í ṣe ìbọn. Ìbọn olókùúta iná tún ní tirẹ̀: láàárín ìgbà tí òkúta bá ṣáná àti ìgbà tí ọta bá jáde, àkókò ìṣẹ́jú àáyá kékeré kan wà, ẹni tó bá gbé ojú kúrò lára ìbọn láti wo ẹyẹ á pàdánù rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá rin, ẹ̀tù díẹ̀ tó wà nínú àwo kékeré tó ń gba iná yẹ kó di pípààrọ̀ lóòrèkóòrè, kí awọ tó gba ọ̀rá sì bo ibi tó ń ṣáná. Tí ọjọ́ bá sì parí láìyìn, a ó yọ kápù tàbí kí a gbọn ẹ̀tù àwo dànù kí ìbọn tó wọ ọkọ̀. Bí àsìkò ọdẹ kò bá tíì parí, àwọn ìpínlẹ̀ kan gbà kí ìwọ̀n inú ọ̀pá wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, àwọn mìíràn kò gbà á. Òfin ìpínlẹ̀ ni ká tún wò.