Ọ̀rọ̀ tó ń bímọ: kí ni generative word?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn àgbà ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ẹ ti máa gbọ́ generative word lẹ́nu àwọn tó lọ sí training, wọ́n á pè é bíi pé oògùn ni. Ọ̀rọ̀ tó ń bímọ ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kóun fúnra ẹ̀ wá máa fi wẹ́wẹ́ yẹn to ọ̀rọ̀ míì.

Ẹ jẹ́ ká mú igbá, ṣebí Ọ̀yọ́ la wà, ta ni ò mọ igbá fínfín níbí. Ẹ má tíì kọ nǹkan kan o. Ẹ gbé igbá gidi sílẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń tà á l'Akẹ̀sán báyìí, kí ló dé tó jẹ́ ike làwọn èèyàn ń rà. Èmi náà máa ń sáré kọjá ibi yìí tẹ́lẹ̀, mo rò pé àròyé lásán ni, àfìgbà tí ìyá kan tí kì í lanu ní kíláàsì mi dìde, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fín igbá, àlàyé ò tó o mọ́, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi ó yà á sójú bọ́ọ̀dù, ó wá bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an lẹ máa kọ ọ́. I, gbá. Kẹ́ ẹ wá to àwọn ẹbí gbá: gba, gbe, gbẹ, gbi, gbo, gbọ, gbu. Kẹ́ ẹ dákẹ́. Àwọn fúnra wọn á to àgbà, á to ẹgbẹ́, á to gbogbo. Ẹnì kan á kọ ìgbẹ́, kíláàsì á fẹ́ẹ̀ wó lẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín jàre, wọn ò ní gbàgbé ẹ̀ láé. Àmì ohùn náà dé nìyẹn: igbá, ìgbà, igba. Etí wọn ti mọ̀ ọ́n látilé, ojú ló kù.

Paulo Freire, ará Brazil, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde. Lọ́dún 1963 nílùú Angicos, nǹkan bíi wákàtí 40 ni wọ́n fi kọ́ èèyàn bíi 300. Tijolo, ìyẹn bíríkì, wà lára ọ̀rọ̀ ẹ̀: ta, te, ti, to, tu. Ẹni tí ò mọ̀wé ò sì lè dìbò ní Brazil nígbà yẹn, ẹni tó bá kàwé ti di olùdìbò nìyẹn, àfi báwọn ṣọ́jà ṣe gbàjọba ní 1964 tí wọ́n pa ètò náà rẹ́, tí wọ́n ti Freire mọ́lé. Nítorí ta, te, ti!

Ẹ má jókòó sílé yan ọ̀rọ̀ tiyín, ẹ lọ tẹ́tí sọ́jà. Bíi 17 ti tó, tí wọ́n bá ti kó gbogbo lẹ́tà já. Gàrí, owó, ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, máńgòrò àti ìrẹsì tó gùn díẹ̀ ṣì lè dúró. Páálí tẹ́ ẹ gé ti tó fún káàdì, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà torí ojú àgbà, kẹ́ ẹ kó o sí nylon kí wọ́n lè máa tò ó ní ìsọ̀ tí ọjà ò bá tà.