Kí ẹ tó fi fọ́ǹtì tó dà bí ìfọwọ́kọ ṣe iṣẹ́ yín

Bí oníbàárà bá ní fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà) tó dà bíi pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ lòun fẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ yìí? Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, bíi káàdì ìkíni, ìwé ìdúpẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé nínú ìwé aláwòrán, ó bá a mu. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìkìlọ̀ ni, tàbí ìlànà lílo oògùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Kò yẹ kí aláìsàn máa ṣẹ́jú wo iye tó yẹ kó lò.

Ẹ wo Comic Sans, fọ́ǹtì tó dà bí ìfọwọ́kọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bú. Vincent Connare ló ṣe é ní Microsoft lọ́dún 1994. Ó rí ajá kan nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún àwọn tí kọ̀ǹpútà ò tíì mọ́ lára, Times New Roman, fọ́ǹtì tí wọ́n sábà fi ń tẹ ìwé, ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ajá náà, ó sì wò ó pé ìyẹn ò bá ajá mu rárá. Ìdí nìyẹn tó fi ya lẹ́tà tó jọ ti inú ìwé aláwòrán. Ó rò ó re. Nígbà tí fọ́ǹtì náà bá Windows wọ kọ̀ǹpútà, tọmọdé tàgbà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ ohun tí kò yẹ. Lójú tèmi, ẹ̀bi fọ́ǹtì kọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó dáa, ẹ tẹ "olólùfẹ́", kí ẹ sọ ọ́ di ńlá, kí ẹ wá tẹjú mọ́ l méjèèjì. Ọwọ́ èèyàn kì í kọ l méjì kí wọ́n jọra bí ìbejì. Fọ́ǹtì tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe máa ń ní oríṣi l bíi méjì tàbí mẹ́ta, OpenType, ìyẹn ètò tó wà nínú fọ́ǹtì fúnra rẹ̀, ni yóò sì máa pààrọ̀ wọn. Ẹ wá wo ẹ́ tó gbẹ̀yìn. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà: ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì ohùn náà sì ní tirẹ̀. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ ibi tí àmì ń jókòó sí yóò gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí kò bá sì ní ẹ rárá, kọ̀ǹpútà á yá a lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn, lẹ́tà kan á wá dúró gbọnrangandan láàárín ìfọwọ́kọ. Ẹ má tìtorí fọ́ǹtì yọ àmì o! Fọ́ǹtì ni kí ẹ pààrọ̀.

Èyí tí lẹ́tà rẹ̀ so mọ́ra, ẹ má fi lẹ́tà ńlá nìkan kọ ọ́, ẹ má sì fa àárín lẹ́tà ya. Àkọlé tàbí gbólóhùn kan ti tó o; fọ́ǹtì lásán tó ṣeé kà ni kí ẹ fi kọ ìyókù. Kí ẹ tó wá gbé e sórí ọjà títà, ẹ ka ìwé àṣẹ tó bá a wá, torí pé púpọ̀ nínú àwọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni kò gba kéèyàn fi wọ́n ṣòwò.